Ẹyọ Ọwọ̀ Tí Bàbá Fi Wọn Ojú Irin

Ọyẹ́ mú ní àárọ̀ ọjọ́ yẹn débi pé a kò rí igi osè tó wà lẹ́nu ọ̀nà agbolé wa. Gbogbo nǹkan ló funfun, eruku lórí ewé, eruku lórí àwo, eruku lára ewúrẹ́, oòrùn sì yọ wá bí ẹyin tí a fọ́ sínú ẹ̀kọ mímu, kò ní ooru kankan nínú. Ètè mi ti là. Ìyá mi fi òrí pa á fún mi níwájú ilé, ó pa ẹsẹ̀ mi pẹ̀lú, ó ní kí n má lọ dójú ti òun ní Sàfálù. Mi ò mọ̀ bóyá òtútù ló ń mú mi tàbí ẹ̀rù ló ń bà mí, nítorí bákan náà ni àwọn méjèèjì ṣe ń gbọn ènìyàn. Bàbá ń to fàgọ́n mẹ́fà sínú agbọ̀n, ó ń fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ gbígbẹ sáàárín wọn kí wọ́n má baà ha ara wọn. Mo dúró, mò ń wò ó, mo sì mọ ohun tí òun kò mọ̀.

Kí ẹ tó bi mí pé kí ni fàgọ́n, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́. Ọkọ̀ ẹrù ojú irin ni, àwọn àpótí ńláńlá oníkẹ̀kẹ́ tí orí ọkọ̀ máa ń wọ́ tẹ̀lé ara wọn. Bí àwọn Faransé ṣe ń pè é ni Bàbá ń pè é. Kò sí ojú irin ní Bantẹ̀ ìlú wa, kò sì sí ní Sàfálù. Ẹni tó bá fẹ́ rí ọkọ̀ ojú irin nínú wa, àfi kó lọ sí Ṣábẹ tàbí Dáṣà. Ṣábẹ ni Bàbá ti ṣiṣẹ́ nígbà tí mo ṣì kéré, ó ń tún fàgọ́n tó bá bàjẹ́ ṣe, títí ilẹ̀kùn ọ̀kan fi já lu ọwọ́ òsì rẹ̀, tí ó gé ìka méjì. Ó ní ó tó gẹ́ẹ́. Ó padà wálé pẹ̀lú ìka mẹ́jọ, ó jókòó sábẹ́ àtíbàbà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe fàgọ́n kéékèèké, èyí tí ọmọdé lè gbé lọ́wọ́ kan. Agolo tòmátì tí ó fi òkúta tẹ́ pẹrẹsẹ ni ara wọn, pákó àpótí ọṣẹ ni ilẹ̀ wọn. Igi àyìn, tó le bí egungun, ni ó ń gbẹ́ fún ẹsẹ̀ wọn, irin tẹ́ẹ́rẹ́ inú kẹ̀kẹ́ tó ti bàjẹ́ ni ó sì fi ń so ẹsẹ̀ méjì pọ̀. Ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ wọn ń ṣí, ó sì ń padé. Títí di òní, bí mo bá gbọ́ òòlù lára agolo, agbolé wa ni mo máa ń rí: odó ìyá mi ń dún gbì-gbì lápá kan, òòlù Bàbá ń dún kọ́-kọ́-kọ́ lápá kejì, Ìyá Àgbà tó bí Bàbá jókòó sáàárín nínú aṣọ funfun ìjọ rẹ̀, ó ń bó ẹ̀gúsí, ó ń kọ orin ẹ̀mí lábẹ́ imú, bí ẹni pé òun ló ń mú àwọn méjèèjì rìn.

Fàgọ́n tí Bàbá ń tà ní ọjà Bantẹ̀, okùn ni àwọn ọmọ fi ń wọ́ ọn nínú eruku. Kò sí ẹni tó bìkítà bí ẹsẹ̀ ọ̀tún bá fi díẹ̀ jìnnà sí ti òsì. Àwọn olùkọ́ àti òṣìṣẹ́ ìjọba ló ń rà á jù, nítorí àwọn ni wọ́n ti wọ ọkọ̀ ojú irin rí. Àgbẹ̀ láti Gúkà á gbé e sókè, á wo abẹ́ rẹ̀, á pe Bàbá lórúkọ, á ní, “Ṣàbí, ṣé èyí lè ru iṣu kan ṣoṣo?” Bàbá á ní, “Ó lè ru ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ, ìyẹn sì wúwo ju iṣu lọ.” Wọ́n á rẹ́rìn-ín, àgbẹ̀ á gbé e kalẹ̀, á lọ ra ọkọ́. Ẹ̀rín kì í sì í kún ìkòkò. Bàbá ti sọ fún ìyá mi pé bí ọyẹ́ bá parí tí òun kò tíì rí iṣẹ́ gidi, òun á bá àwọn ọkùnrin Pírà kọjá sí Nàìjíríà. Gbogbo ènìyàn ló ń kọjá nígbà náà. Bàbá ọ̀rẹ́ mi kan lọ, ó fi rédíò ránṣẹ́ ní ọdún kìíní, ó fi lẹ́tà ránṣẹ́ ní ọdún kejì, lẹ́yìn náà kò fi nǹkan kan ránṣẹ́ mọ́. Rédíò náà ṣì ń sọ Yorùbá Nàìjíríà nínú ilé wọn láti àárọ̀ dé alẹ́; ẹni tó rà á ni a kò gbóhùn rẹ̀ mọ́. Bí mo bá gba ẹnu ọ̀nà wọn kọjá, mo máa ń sáré.

Ọ̀dọ̀ olùkọ́ kan ní Sàfálù ni ọ̀nà ti là fún wa. Mẹ̀sì Bẹnuà ni gbogbo ènìyàn ń pè é. Ó rí fàgọ́n Bàbá lọ́wọ́ ọmọ ìbátan rẹ̀ kan, ó sì ránṣẹ́ pè é. Mẹ̀sì ní orí ọkọ̀ kékeré kan nílé, irin gidi, tí wọ́n ń fi kọ́kọ́rọ́ wé kó tó sáré. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló rà á fún un nílùú òyìnbó pẹ̀lú ojú irin tó yípo lórí tábìlì. Agbára ẹ̀gbọ́n kò dé orí fàgọ́n. Mẹ̀sì wá fẹ́ ra mẹ́fà lọ́wọ́ Bàbá, kó fi han àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ bí òwú ṣe ń ti ìhà ọ̀dọ̀ wa dé etí òkun. Àsìkò ìjọba sójà ni, wọ́n ní kí ilé-ẹ̀kọ́ gbogbo máa kọ́ ọmọ ní iṣẹ́ ọwọ́, ilé-ẹ̀kọ́ Mẹ̀sì sì ń wá ẹni tí yóò kọ́ wọn ní iṣẹ́ igi àti agolo. Ó sọ fún Bàbá pé, “Bí fàgọ́n yín bá lè yí tábìlì yìí po láìṣubú, èmi fúnra mi ni màá mú yín lọ bá Dírẹ́tọ̀, ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ wa.” Bàbá kò mọ nọ́ńbà ojú rúlà. Ó fa ẹyọ ọwọ̀ kan yọ lára ìgbálẹ̀ ìyàwó Mẹ̀sì, ó gbé e sórí irin méjèèjì, ó gé e kó bá àlàfo wọn mu pẹ́pẹ́, ó so òwú pupa mọ́ ọn, ó sì gbé e wálé nínú fìlà rẹ̀.

Ẹyọ ọwọ̀ ní òfin tirẹ̀ nílé wa. Ìyá Àgbà ní èyí tó bá já kúrò lára ìgbálẹ̀ kò gbọdọ̀ sùn nílẹ̀. “Ẹni tó bá dá a kọjá,” bẹ́ẹ̀ ló máa ń wí, “ó ti fi ẹsẹ̀ ra ìjà wọlé.” Iná ni a ń sọ ọ́ sí, kíákíá. Èmi ni mò ń gbálẹ̀ láràárọ̀, ọwọ́ mi sì ti mọ òfin náà débi pé kì í bi mí léèrè kó tó ṣe é. Bàbá fi ẹyọ tirẹ̀ kọ́ sára òpó àtíbàbà lókè ibi iṣẹ́ rẹ̀. Bóyá atẹ́gùn ọyẹ́ ló já a ni o, bóyá adìyẹ tó fò gun òpó ni o, títí di òní mi ò mọ̀. Mo gbálẹ̀ dé abẹ́ àtíbàbà, mo rí ẹyọ ọwọ̀ nílẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀, mo mú un, mo sọ ọ́ sábẹ́ ìkòkò. Ìgbà tí iná mú un ni mo rí òwú pupa tó ń ká kò bí ekòló.

Mo ti dàgbà tó láti bi ara mi ìdí tí mi ò fi pariwo. Bàbá wà lóko, ó lọ gé igi àyìn. Ìyá mi wà lódò. Ọjọ́ tó ṣáájú ni àwọn méjèèjì ti fa ọ̀rọ̀ Nàìjíríà mọ́ ara wọn lọ́wọ́ títí oúnjẹ fi tutù. Mo rò pé bí mo bá sọ, a jẹ́ pé mo ti ra ìjà náà wọlé nìyẹn, Bàbá á sì di ẹrù rẹ̀ lọ. Ọjọ́ tó gbé ẹyọ ọwọ̀ náà dé, ó ti fi bá mi ṣeré, ó gbé e lé àtàǹpàkò mi: láti orí èékánná dé ìlà oríkèé rẹ̀, kó tún lé ní ìwọ̀n hóró ọkà bàbà kan. Mo fa ẹyọ kan yọ lára ìgbálẹ̀ wa, mo fi àtàǹpàkò wọ̀n ọ́n, mo fi hóró ọkà kan lé e, mo gé e. Mo tú òwú pupa létí aṣọ mi, mo so ó mọ́ ọn, mo gbé e kọ́. Wọ́n jọra. Bàbá dé, ó mú un, kò wò ó lẹ́ẹ̀mejì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kan ẹsẹ̀ fàgọ́n àkọ́kọ́.

Láti ọjọ́ náà lọ, òòlù yẹn ń kan orí mi. Fàgọ́n kọ̀ọ̀kan tó bá parí, ẹrù tèmi ló ń kún. Mo máa ń wo àtàǹpàkò mi láràárọ̀ bóyá ó ti gùn sí i. Ìyá mi ra wàgáṣì, wàrà tó dì, lọ́wọ́ obìnrin Fúlàní tó ń gbé wàrà kiri, ó dín in, ó sè é mọ́ ẹ̀fọ́, ó fún mi ní èyí tó tóbi jù, mo fi í sílẹ̀. Ìyá Àgbà wo àwo mi. “Àìná, ọmọ tó fi wàgáṣì sílẹ̀, nǹkan mìíràn ló wà lẹ́nu rẹ̀.”

“Inú ló ń run mí, Ìyá Àgbà.”

“Inú kọ́ ló ń run ọ́.” Ó ń bó ẹ̀gúsí rẹ̀ lọ. Ó mọ bí wọ́n ṣe ń jókòó de ọ̀rọ̀. Èmi náà ti mọ̀ ọ́n báyìí tí mo ní ọmọ-ọmọ, iṣẹ́ tó dára ni. Ṣùgbọ́n fún ẹni tí wọ́n jókòó dè, ìyà ni. Ìgbà mẹ́ta ni mo ya ẹnu láti sọ̀rọ̀. Ìgbà mẹ́ta ni mo béèrè bóyá kí n lọ pọnmi.

Bàbá ní kí n bá òun lọ sí Sàfálù nítorí ọwọ́ òsì rẹ̀ kì í lè di agbọ̀n mú pẹ́. A wọ bàṣé, ọkọ̀ akẹ́rù tí wọ́n ta tapólì bò lẹ́yìn, a jókòó sáàárín àpò gààrí àti obìnrin Pírà kan tó sanra, tí adìyẹ mẹ́ta wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ó fi àgbọ̀n rẹ̀ júwe agbọ̀n tí a gbé. “Adìyẹ ni ẹ̀yin náà gbé?”

“Ọkọ̀ ojú irin ni,” Bàbá dá a lóhùn.

“Ọkọ̀ nínú ọkọ̀. Ẹ ní kí tiyín sọ̀kalẹ̀ wá bá wa ti èyí, mò ń gbọ́ bó ṣe ń wúkọ́.”

Bàbá rẹ́rìn-ín. Inú rẹ̀ dùn lọ́jọ́ yẹn, mi ò tíì rí i bẹ́ẹ̀ láti ìgbà tó ti dé láti Ṣábẹ. Ó sọ fún obìnrin náà pé bí Dírẹ́tọ̀ bá gbà, òun á wá yàrá méjì ní Sàfálù, òun á kó wa lọ, Ìyá Àgbà pàápàá, bó bá rí ìjọ aláṣọ funfun tó wù ú níbẹ̀. Obìnrin náà ń ṣe àmín sí gbogbo rẹ̀. Mo gbàdúrà tèmi, pé kí táyà bẹ́. Táyà kò bẹ́.

Ilé Mẹ̀sì kò jìnnà sí ọjà. Ìyàwó rẹ̀, ọmọ Máhì tó ń sọ èdè wa pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bí ẹni tó ń rìn lórí ẹyin, bu omi fún wa. Tábìlì náà wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ojú irin lórí rẹ̀ bí òrùka tí wọ́n tẹ̀, ó gùn tààrà ní ẹ̀gbẹ́ méjì, ó tẹ̀ ní ìpẹ̀kun méjì. Bàbá gbé fàgọ́n àkọ́kọ́ lé e. Ó dúró. Ó fi ìka kan tì í, ó yí lọ geere. Mẹ̀sì, ọkùnrin gíga tó máa ń bọ́ awò ojú rẹ̀ kó tó sọ̀rọ̀, ṣí ilẹ̀kùn fàgọ́n náà, ó tì í, ó tún ṣí i, ó rẹ́rìn-ín bí ọmọdé. Mo mí. Mo rò pé bóyá Ọlọ́run ti bá mi fi díẹ̀ kún ọwọ̀ náà níbi tí mo gbé e kọ́ sí. Mẹ̀sì wé kọ́kọ́rọ́, orí ọkọ̀ fà á, ó dé ibi tí irin ti tẹ̀, ẹsẹ̀ kan yọ̀ kúrò lórí irin, fàgọ́n já sáàárín, ó fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀. Bàbá ní bóyá òun kò gbé e dáadáa. Èkejì já níbẹ̀. Ẹ̀kẹta já níbẹ̀. Nígbà tí ẹ̀kẹfà já, kò sí ẹni tó nawọ́ gbé e.

Bàbá mú ẹyọ ọwọ̀ jáde nínú fìlà, ó gbé e sórí irin méjèèjì. Ó já sáàárín wọn. Ó gbé e sókè síwájú ojú rẹ̀, ó tún gbé e sílẹ̀, ó tún já. “Ojú mi ni,” ó wí. “Mo ṣì í wọ̀n. Ẹ má bínú, Mẹ̀sì, mo fi ọjọ́ yín ṣòfò.”

Mẹ̀sì bọ́ awò rẹ̀. “Kò sí ìbínú, Bàbá Àìná. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Ẹni tó máa kọ́ ọmọ ní iṣẹ́ ọwọ́, ìwọ̀n ni ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Kí ni màá sọ níwájú Dírẹ́tọ̀?”

Bàbá ní òtítọ́ ni. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í to àwọn fàgọ́n padà sínú agbọ̀n, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ewé sáàárín wọn gẹ́gẹ́ bó ṣe tò wọ́n ní àárọ̀. Ó ní, bí ẹni tó ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀, “Àwọn ará Pírà ní ọ̀túnla ni àwọn ń gbéra.” Ìgbà yẹn ni ẹnu mi là.

“Bàbá, ọwọ̀ tiyín kọ́ nìyẹn.”

Ó wò mí.

“Mo sun tiyín. Ó wà nílẹ̀ níbi tí mo ti ń gbálẹ̀, Ìyá Àgbà sì ní kò gbọdọ̀ sùn nílẹ̀. Mi ò tètè rí òwú rẹ̀.”

“Èyí ńkọ́?”

“Èmi ni mo gé e. Àtàǹpàkò mi ni mo fi wọ̀n ọ́n, pẹ̀lú hóró ọkà bàbà kan.”

Ìyàwó Mẹ̀sì fi ọwọ́ bo ẹnu. “Ọkà inú ọyẹ́,” ó wí. “Á ti gbẹ, á ti rù. Ẹ̀bi ọkà ni.” Kò sí ẹni tó bá a rẹ́rìn-ín. Mẹ̀sì na ọwọ́ sínú agbọ̀n, ó kó àwọn fàgọ́n jáde, ó dojú wọn bolẹ̀ lórí tábìlì. Ó mú rúlà, ó wọn àlàfo ẹsẹ̀ àkọ́kọ́, ó wọn èkejì, ó wọn gbogbo wọn, ẹsẹ̀ iwájú àti ẹsẹ̀ ẹ̀yìn, ó tún padà sí àkọ́kọ́ bí ẹni tí kò gba ojú ara rẹ̀ gbọ́. Ó pẹ́. Adìyẹ kan wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó jáde. “Ẹ wá wò ó, Bàbá Àìná,” ó wí. “Mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ló ṣì, mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ló sì ṣì bákan náà. Kò sí èyí tó fi ìbú irun orí ju èkejì lọ. Ọ̀pá ìwọ̀n burúkú ni ọmọ yìí fún yín. Ọwọ́ yín ṣe ohun tí ọ̀pá wí.”

Bàbá kò dúpẹ́. Ó gbé ọ̀kan, ó fi èékánná kan ẹsẹ̀ rẹ̀. “Bí mo bá ki irin rẹ̀ bọ iná díẹ̀, mo lè fà á síta.”

“Nígbà wo?”

“Ọjọ́ ọjà tó ń bọ̀.”

“Mi ò tíì sọ bẹ́ẹ̀ ni, mi ò tíì sọ bẹ́ẹ̀ kọ́,” Mẹ̀sì wí. “Mò ń dúró dè yín ní ọjọ́ ọjà.” Kò ra ọ̀kankan. Bàbá gé ẹyọ ọwọ̀ mìíràn. Ó wọ̀n ọ́n, ó ní kí Mẹ̀sì wọ̀n ọ́n, ó ní kí ìyàwó Mẹ̀sì náà wọ̀n ọ́n. Kò ní kí èmi wọ̀n ọ́n.

Nínú ọkọ̀ tí a wọ̀ padà, ó ń wo ẹ̀yìn ọkọ̀ títí a fi rí òkè Sàfálù lẹ́yìn wa bí àwọ̀ eérú. Nígbà náà ló béèrè, “Láti ìgbà wo lo ti mọ̀?”

“Láti orí fàgọ́n àkọ́kọ́, Bàbá.”

“O sì jókòó, ò ń wò mí.”

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n ti nà mí rí ní kékeré, ìyẹn kò ṣòro, mo ti gbàgbé gbogbo ẹgba. Gbólóhùn yẹn ṣì ń dé sí mi bí mo bá ń ṣa ẹ̀wà, tí ọwọ́ mi nìkan ń ṣiṣẹ́. Nílé, mo kúnlẹ̀ níwájú Ìyá Àgbà, mo ro gbogbo rẹ̀ fún un. Mo rò pé yóò gbèjà mi, nítorí òfin rẹ̀ ni mo tẹ̀ lé. Ó gbọ́ ọ tán. “Òfin mi kò lójú,” ó wí. “Ìwọ lo lójú.” Ó sì mú ẹ̀gúsí rẹ̀.

Bàbá kò lọ sí Nàìjíríà. Ó kọ́ àwọn ọmọ Sàfálù ní iṣẹ́ igi àti agolo títí irungbọ̀n rẹ̀ fi funfun, mo sì dàgbà nínú yàrá méjì tó sọ fún obìnrin inú ọkọ̀ yẹn. Ohun tí mo mọ̀ nísinsìnyí nìyẹn. Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, kò sí ẹni tó mọ nǹkan kan, bí ilẹ̀ bá sì mọ́, ọ̀túnla àwọn ará Pírà á ti di ọ̀la.

Ọjọ́ kejì mo jí, mo gbálẹ̀, mo lọ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi iṣẹ́ Bàbá láìjẹ́ pé ó pè mí. Ó ti da èédú sínú agolo, ó ń ki irin ẹsẹ̀ fàgọ́n bọ̀ ọ́. Kò gbé ojú sókè. Ó ṣe díẹ̀, ó na ẹyọ ọwọ̀ tuntun sí mi. “Dì í mú. Ìgbà tí mo bá béèrè ni kí o fún mi.” Mo dì í mú. Á na ọwọ́, màá fún un, á wọn ẹsẹ̀, á dá a padà sí àtẹ́lẹwọ́ mi láìwò mí. Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe títí oòrùn fi dé àárín ọ̀run. Ìyá mi gbé iyán wá, ó ní kí n wẹ ọwọ́. Mo ní ọwọ́ mi kò ṣófo. Ó ní kí n gbé nǹkan náà sílẹ̀, mo ní rárá. Kí n fi ọwọ́ òsì jẹun, ìyẹn náà kò sí. Ó wo Bàbá. Bàbá ń wo iná. Ìyá mi jókòó tì mí, èmi tí mò ń pọnmi fún gbogbo ilé, ó bu òkèlè, ó fi run ọbẹ̀, ó fi sí mi lẹ́nu, mo sì jẹ iyán ọ̀sán ọjọ́ yẹn lọ́wọ́ rẹ̀ bí ọmọ ọwọ́, títí mo fi yó.